Ohun Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Ní Lọ́ńdọ̀nù, Jọ́ọ̀sì Ni Wọ́n Ti Bá A

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, àwọn òyìnbó BBC ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àkísà tí àwọn fúnra wọn ti jù nù ni wọ́n wá ń fi ìlù àti ijó kí káàbọ̀. Níbo ni àkísà ọ̀hún ti wá? Nàìjíríà níbí ni o! Inú yàrá ìkẹ́rù ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jọ́ọ̀sì ló wà, tí eruku bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gba kí wọ́n tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bó ṣe kan ọ̀gá àgbà nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ló kan ìyá tó ń ta pupurú ní Igbódìgò nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ó sì kan ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Òkìtìpupa.

ERÉ BÀBÁ INÚ ÀPÓTÍ

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré kan hàn tó ń jẹ́ Doctor Who. Eré bàbá kan ni, tó máa ń wọ inú àpótí búlúù kan, tí àpótí náà á sì gbé e lọ sí ayé àtijọ́, tàbí sí ọjọ́ iwájú, tàbí sáàárín àwọn ìràwọ̀. Téèyàn bá wo àpótí náà lóde, kò ju ibi tí ọlọ́pàá méjì lè fún ara wọn mọ́ lọ. Téèyàn bá wọ inú rẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá ni. Tọmọdé tàgbà ló ń wò ó. Láàárín ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, apá 253 ni wọ́n ṣe, dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀.

Kí ni BBC wá fi èrè iṣẹ́ yìí ṣe? Wọ́n pa púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹ́ ni.

Olè kọ́ ló jà wọ́n, iná kọ́ ló jó wọn. Ìṣirò owó ni. Orí téèpù fífẹ̀ ni wọ́n ń gba eré sí nígbà náà. Téèpù ọ̀hún wọ́n bí ojú, wọ́n sì lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tún gba òmíràn sí i, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń gba orin jùjú lé ìwàásù lórí nínú kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn. Àdéhùn tí wọ́n bá àwọn òṣèré ṣe kò sì jẹ́ kí wọ́n lè máa tún eré kan náà fi hàn bó ṣe wù wọ́n. Fídíò inú ilé kò tíì dé, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni máa ra eré àná. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère wá dé, wọ́n ní ta ni yóò tún jókòó ti dúdú àti funfun? Láti ọdún 1967 títí dé 1978 ni wọ́n fi ń pa á rẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fi ta jí, tí wọ́n yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ohun tó yẹ kí wọ́n pa mọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kò ya òmùgọ̀. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń wò, wọn ò rí ti ọ̀la.

ỌJÀ TÍTÀ LÓ KÓ WỌN YỌ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ibi tí iṣẹ́ yín ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Ohun tó kó eré náà yọ ni pé BBC ti tà á.

Kí wọ́n tó pa téèpù rẹ́, wọ́n ti gbé kámẹ́rà síwájú ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ti ya eré náà sórí fíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16. Apá kan tó bá gba ìṣẹ́jú 25, fíìmù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 300 mítà. Wọ́n á ká a bí òwú, wọ́n á fi sínú agolo pẹlẹbẹ, ó di ọjà nìyẹn. Ọsirélíà rà á, Hong Kong rà á, Nàìjíríà náà rà á. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fi hàn tán, wọ́n á fi agolo náà ránṣẹ́ sí òmíràn, tàbí kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n bà á jẹ́ kí wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn ti bà á jẹ́. Ohun tí àdéhùn sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé lọ́tọ̀, ohun tó wà nínú yàrá ìkẹ́rù lọ́tọ̀.

Láàárín ọdún 1984 sí 1985, Nàìjíríà ti kọ́kọ́ ya BBC lẹ́nu. Láti ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti rí àwọn fíìmù eré The Time Meddler àti The War Machines gbà padà, èyí tí wọ́n ti ń wá tipẹ́. Àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé: bí agolo wọ̀nyí bá lè wà níbẹ̀, kí ló tún kù?

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Philip Morris ló wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìdáhùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wá fíìmù tẹlifíṣọ̀n tó sọnù kiri ayé. Ó tọ ipasẹ̀ agolo títí ó fi dé Jọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ló ti nu eruku ara àwọn agolo kan, tó sì rí bébà alámọ̀ tí ẹnì kan ti kọ orúkọ eré náà sí. Àyà rẹ̀ já. Apá 11 ni ó bá, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run. Eré The Enemy of the World pé, apá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. The Web of Fear pé pẹ̀lú, àfi apá kẹta. Ọdún 1967 sí 1968 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi eré méjèèjì hàn. Ó ti lé lógójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rí i.

Ẹ wo ohun kékeré tó ṣiṣẹ́ ńlá! Akọ̀wé tàbí òṣìṣẹ́ kan tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ ló mú bírò, tó kọ orúkọ eré sára agolo. Ká ní kò kọ ọ́ ni, agolo ìdọ̀tí lásán ni ìbá jẹ́ lójú ẹni tó bá ń gbá yàrá náà.

APÁ KẸTA DÀ?

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn tán. Morris ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé ibẹ̀, apá kẹta The Web of Fear wà láàárín àwọn agolo náà. Nígbà tí ẹrù fi máa dé Lọ́ńdọ̀nù, kò sí níbẹ̀ mọ́. Èrò tirẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ fún ara rẹ̀ ló bọ́ sí. Nígbà tí BBC tún gbé eré náà jáde ní ọdún 2021, àwòrán yíyà ni wọ́n fi dí àlàfo apá náà.

Ṣé ẹ rí i? Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí agolo náà fi wà nínú eruku, kò sẹ́ni tó yà á sí. Ọjọ́ tí òórùn owó ta sí i ni ó pòórá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ ẹbí ṣe máa ń rí: ìgbà tó jẹ́ igbó, kò sẹ́ni tó ń dá ààlà, ìgbà tí ọ̀dà bá kàn án, gbogbo ẹbí á di lọ́yà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé olè ni gbogbo ẹni tó ń kó fíìmù jọ. Rárá o. Láìsí wọn, ohun tó kù ì bá má tó nǹkan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, wọ́n kéde pé apá méjì mìíràn nínú eré yìí kan náà ti jáde. Ọwọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti rí i. Níbi ọjà tí wọ́n pa níléèwé kan lọ́dún 1980 àti díẹ̀ ló ti rà á, bí ẹní ra bọ́ọ̀sì àlòkù, ó sì tọ́jú rẹ̀ láìmọ̀ pé kò sí ìkejì rẹ̀. Lójú ẹ̀, ọjà àṣèrànwọ́ lásán ni.

Ohun tó tún yani lẹ́nu jù ni ti ohùn. Gbogbo apá tí wọ́n pa rẹ́ pátá ni ohùn rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ta ló tọ́jú rẹ̀? Kì í ṣe BBC. Àwọn ọmọ ilé ìwé àti ọ̀dọ́ ni, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, tí wọ́n sì ní kí ìyá wọn jọ̀ọ́ má sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ní owó pa á rẹ́. Ọmọ kékeré tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa á mọ́.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kó fíìmù jọ fi máa ń fara pamọ́ ni ẹ̀rù. Wọ́n mọ̀ pé ìwé àdéhùn ní kí wọ́n ti ba fíìmù náà jẹ́. Wọ́n ń rò pé ọjọ́ tí àwọn bá lanu, ọlọ́pàá ni yóò kan ilẹ̀kùn. Báyìí ni wọ́n á mú un jókòó títí wọ́n á fi kú, tí àwọn ọmọ tí kò mọ̀dí rẹ̀ á sì kó gbogbo rẹ̀ sí ààtàn.

TIWA NÍLÉ ŃKỌ́?

Ṣebí wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ nílẹ̀ adúláwọ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣeré níbẹ̀, ó kú ní 1973. Dúró Ládiípọ̀ ṣeré níbẹ̀, ó kú ní 1978. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, fi Aláwàdà pa gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lẹ́rìn-ín láti ibẹ̀. Ní Èkó, Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá Village Headmaster sílẹ̀ ní 1968, eré náà sì wà lórí afẹ́fẹ́ títí di 1988.

Ọmọ tó bá béèrè pé kí wọ́n fi àwọn eré ọdún 1960 sí 1970 wọ̀nyẹn han òun, èwo ni wọ́n máa fà lé e lọ́wọ́? Téèpù wọ́n nílẹ̀ wa ju bó ṣe wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù lọ. Bí wọ́n ṣe ń gba eré tuntun lé ti àtijọ́ lórí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe níbí. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà: BBC ta tirẹ̀ káàkiri ayé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rí i kó jọ padà. Ta ni a ta tiwa fún?

Síbẹ̀, ìrètí wà. Ní ọdún 1976, Adamu Halilu fi ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ ṣe sinimá kan lédè Haúsá, Shaihu Umar. Àwọn èèyàn ti gbà pé sinimá náà ti sọnù pátápátá. Jọ́ọ̀sì yìí náà ni wọ́n ti wá rí i, ní ibi ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Jámánì, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún sinimá ńlá ti Berlin ní oṣù kejì ọdún 2018. Ní Ìkòyí l'Ékòó, ìdàkejì rẹ̀ ni Didi Cheeka, tó máa ń kọ̀wé nípa sinimá, bá pàdé: agolo fíìmù ìjọba tó ti dípẹtà, tí ohun inú rẹ̀ sì ti ń jẹrà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Jọ́ọ̀sì ni nǹkan ti ń yọ? Orí òkè ni Jọ́ọ̀sì wà, ibẹ̀ tutù, ọ̀rinrin rẹ̀ kò pọ̀ bíi ti etíkun. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fíìmù. Bí méjèèjì bá pàdé ara wọn nínú agolo, fíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kan, á máa rùn bí ọtí kíkan, á sún kì, á ká kò, á sì di ẹlẹgẹ́. Òórùn yẹn náà á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọsàn jíjẹrà kan ṣe ń ba apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́.

IGBÓDÌGÒ, Ẹ GBỌ́ O

Èyí ló sọ ọ̀rọ̀ náà di kíákíá nílẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí òjò kì í ti í jìnnà. Ẹni tó bá ń ṣe pupurú mọ̀ pé bí ẹ̀gẹ́ bá ti kúrò nínú omi, iná àti èéfín ló ń gbà á lọ́wọ́ ìdíbàjẹ́. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín tó ń tọ́jú pupurú, òun gan-an ló ń pa fíìmù. Ẹni tó bá gbé agolo fíìmù tàbí kásẹ́ẹ̀tì sókè àjà nítòsí páànù ti dá a lẹ́jọ́ ikú.

Àbí kí ni yóò gbé fíìmù dé Igbódìgò? Ó pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kò mọ ìlú ńlá yàtọ̀ sí ìlú kékeré. Ibi tí gbọ̀ngàn bá wà ni wọ́n ń gbé sinimá wọn lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ wọn wà, ẹni tó ń tan ẹ̀rọ wà, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wà. Nígbà tí fídíò sì dé, ọ̀pọ̀ ilé ló ń gba eré tẹlifíṣọ̀n sórí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa fi dá àlejò lára yá. Ẹni tó ń yá ni ní fídíò ní tirẹ̀, fọ́tógiráfà ní báńdù nẹ́gátíìfù tí kò níye. Lónìí, àwọn onílé náà ti dàgbà, àwọn míì ti lọ. Àpótí wọn ni àwọn ọmọ ń ṣí, tí wọ́n ń sọ pé, “Jàre, ẹ kó ìdọ̀tí yìí dànù.” Àwọn tó ń ra irin àti páànù àlòkù kò sì jìnnà sẹ́nu ọ̀nà.

Kí wọ́n tó kó o, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò le. Kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo tàbí kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì dà á kọ sínú ìwé. Kí wọ́n má fi omi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sá a sóòrùn. Kí wọ́n má ṣe fi í sínú ẹ̀rọ àtijọ́ láti dán an wò, nítorí fíìmù tó ti sún kì á já wẹ́wẹ́, kásẹ́ẹ̀tì tó ti hu èéhù á sì ba ẹ̀rọ àti ara rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá ń rùn kíkan, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀. Ìyókù, kí wọ́n gbé e sí ibi tó gbẹ, tó tutù, tí kò fara kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ẹni tó ni eré náà tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi tó ibi ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba ní Jọ́ọ̀sì létí. Bí wọ́n bá sì ń fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kí ìwé wà láàárín, tí ẹni tó gbà á bu ọwọ́ lù. Apá kẹta The Web of Fear ti kọ́ gbogbo ayé lọ́gbọ́n.

ẸNI TÓ RA AGOLO KÒ RA ERÉ

Ohun kan ṣì kù tí àwọn ọlọ́gbọ́n ọlọ́jà máa ń fẹ́ mọ̀: ta ló ni owó ibẹ̀? Ẹni tó ra ìwé kò di òǹkọ̀wé. Ẹni tí agolo wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni agolo. Ẹni tó ṣe eré tàbí àwọn àrólé rẹ̀ ló ni eré. Bí ẹni tó ni agolo bá ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà lábẹ́lẹ̀, olè ni, kì í ṣe olùtọ́jú mọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ bí èyí ṣe ń dunni tó. Ní 1982, Bàbá Sàlá fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe sinimá Ọ̀run Móoru, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Àwọn ayédèrú gba ẹ̀yìn ṣe kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kún ìgboro, èrè lọ, gbèsè kù. Ọkùnrin tó pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín jẹ ìyà gbèsè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dágbére fáyé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Nítorí náà, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó tọ́jú, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó jí. Bí olùtọ́jú bá bá ẹni tó ni eré sọ̀rọ̀ ní gbangba, tí wọ́n jọ pinnu ẹ̀tọ́ oníkálukú, kò sẹ́ni tí kò ní í rí nǹkan mú lọ sílé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi ìpamọ́ ìjọba kò lè wọ gbogbo yàrá ní Igbódìgò lọ tú àpótí. Ẹni tó ni àpótí náà kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gba fíìmù tó ń kú lọ là. Àfi kí wọ́n pàdé.

Bí àwọn òyìnbó bá lè wọ bàlúù wá sí Jọ́ọ̀sì nítorí eré bàbá inú àpótí, ìtìjú ńlá ni kí ohùn Ògúnmọ́lá tàbí ẹ̀rín Bàbá Sàlá wà nínú àpótí nílé ẹni, kí wọ́n fi dáná. Ẹ ṣí àpótí yẹn lónìí. Ẹ kọ́kọ́ kà ohun tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó pe ẹni tó ń ra páànù.